Orúkọ Ewé, Ìwọ̀n Ewé: Èdè-Ìperí fún Ẹ̀kọ́ Nípa Egbòogi Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

1. Ìfáárà

Ọgbà ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ohun tuntun láàrin àwa Yorùbá. Lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí omi tí a fi fọ àwo ń ṣàn sí, ni àwọn ìyá wa ti ń gbin efínrín, ewúro, koríko ọba, atalẹ̀ àti ọ̀dúndún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ewé ọbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń já ewé àgbo. Ìyá tí ó gbin ewé ni ó ń já a, òun kan náà ni ó ń sè é. Bí ó bá rán ọmọ níṣẹ́ pé kí ó lọ já efínrín wá, ọmọ náà mọ ibi tí yóò yà sí, nítorí pé ó ti bá ìyá rẹ̀ débẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá kúrò ní ẹ̀yìnkùlé tí ó wọ inú ìwé, ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹni tí ó kọ ìwé lè wà ní Abẹ́òkúta, kí ẹni tí ń kà á wà ní Ìkàrẹ́. Kò sí ìyá tí yóò nawọ́ sí ewé fún un, kò sì sí ẹni tí yóò gba ewé tí kò yẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó kù láàrin wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dúró sójú kan, ewé mìíràn ni yóò dé inú ìkòkò, ọmọ ẹni ni yóò sì mu omi rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àìní ọ̀rọ̀ kọ́ ni ó ń dà wá láàmú nínú ẹ̀kọ́ nípa ewé. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá àgbà wa. Ohun tí ó kù ni kí àwa olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè fohùn ṣọ̀kan lórí iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe. A ó gbé gbólóhùn kan ṣoṣo kalẹ̀, a ó tú u wò, a ó sì tún un kọ ní ìparí.

2. Gbólóhùn kan, ìbéèrè mẹ́rin

Gbólóhùn náà nìyí: "Mú efínrín díẹ̀, fi ṣe àgbo fún ẹni tí inú ń run." Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí kò ní gbọ́ ọ. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹ̀kọ́, ìbéèrè mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ dáhùn. Efínrín wo ni? Ẹ̀yà ara efínrín wo ni a ó lò? Irú àgbo wo ni, èyí tí a sè ni tàbí èyí tí a fi ọwọ́ gbo? Níkẹyìn, díẹ̀ tí ó tó kí ni?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtẹnumọ́ lásán ni èyí. Láti ọdún 1970 tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìṣirò ni a ti rí i pé èdè wa lè ru ẹrù yìí. Ìdìpọ̀ Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1984. Èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ tẹ̀ lé e ní ọdún 1990. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ nípa ewé ń fẹ́, nítorí pé níbẹ̀, àṣìlò ọ̀rọ̀ kì í parí sí orí máàkì ìdánwò.

3. Orúkọ ewéko

Àwọn baba wa mọ bí a ti ń sọ ewéko lórúkọ. Nígbà mìíràn, ìwà ewéko ni wọ́n wò. Patanmọ́ ni ewéko tí ń pa ewé rẹ̀ dé bí a bá fọwọ́ kàn án. Pa, itan àti mọ́ ni a kó pọ̀ di orúkọ rẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ ni igi tí ń so èso fún ẹyẹ jẹ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a yá orúkọ lò: dongoyaro ti inú èdè Haúsá wá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin gíga, koríko ọba sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ewé tíì lónìí. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ewéko kan lè ní orúkọ púpọ̀. Ẹ wo ewéko tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tí ó gba gbogbo ilẹ̀ oko tí a fi sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì ń fi omi ewé rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ tútù kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àwọn kan ń pè é ní Akíntọ́lá, àwọn mìíràn sì ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Orúkọ àwọn aṣáájú méjì tí wọn kò bá ara wọn rẹ́ nínú òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní àárín ọdún 1960 sí 1966 ni ewéko kan ṣoṣo gbé rù. Ẹni tí ó bá ka orúkọ méjèèjì nínú ìwé méjì lè rò pé ewéko méjì ni.

Ìṣòro kejì ni pé orúkọ kan lè bo ewéko púpọ̀. Efínrín tí ó wà nínú gbólóhùn wa kì í ṣe ẹyọ kan. Efínrín ńlá, Ocimum gratissimum, a máa ga dé àyà ènìyàn tàbí kí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé rẹ̀ fẹ̀, etí ewé náà rí bí eyín ayùn, òórùn rẹ̀ sì múná. Efínrín wẹ́wẹ́, Ocimum basilicum, kò ga tó bẹ́ẹ̀, ewé rẹ̀ kéré, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Méjèèjì ni à ń jẹ, ṣùgbọ́n èròjà inú wọn kò dọ́gba, a kò sì lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú ẹ̀kọ́ tí ó ní ìwọ̀n.

Ti ọ̀dúndún àti àbámodá tún wúwo ju èyí lọ. Ewé méjèèjì nípọn, méjèèjì kún fún omi, àwọn kan sì ń pe èkíní ní orúkọ èkejì. Àbámodá, Bryophyllum pinnatum, ni ó máa ń hu ọmọ ewéko kéékèèké jáde ní etí ewé rẹ̀. Ọ̀dúndún, Kalanchoe crenata, kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé èròjà kan wà nínú àbámodá àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó lè ṣe ọkàn ní jàǹbá bí ó bá pọ̀ lára. Àwọn ìbátan rẹ̀ ti pa màlúù ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì sínú ìwé láìsọ àmì tí a fi lè dá a mọ̀ ti fi òǹkàwé rẹ̀ sínú ewu.

Àpẹẹrẹ kẹta kan àmì ohùn. Bí a bá tẹ lapalapa láìfi àmì ohùn sí i, ó lè jẹ́ àrùn awọ ara, ó sì lè jẹ́ igi Jatropha curcas tí a fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká. Gbólóhùn bí "oogun lapalapa" lè túmọ̀ sí oògùn tí a fi ń wo àrùn náà, ó sì lè túmọ̀ sí oògùn tí a fi igi náà ṣe. Májèlé ni hóró igi yìí: ọmọ tí ó bá jẹ ẹ́ yóò máa bì, yóò sì máa yàgbẹ́ gbuuru. Níbi tí àmì ohùn nìkan kò bá tó láti là wọ́n, ẹ jẹ́ kí á kọ "àrùn" tàbí "igi" ṣáájú orúkọ náà.

Orúkọ ewé a sì tún máa rin ìrìn àjò. Àwọn baba ńlá wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Kúbà kó orúkọ ewé lọ pẹ̀lú wọn. Ìwé El Monte tí Lydia Cabrera tẹ̀ jáde ní Kúbà ní ọdún 1954 àti ìwé Ewé tí Pierre Verger tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tuntun kò ní gbogbo ewé ilé, nítorí náà orúkọ àtijọ́ bọ́ sára ewéko tí ó jọ ti ilé nígbà mìíràn. Orúkọ nìkan kò tó láti fi mọ ewé.

Ìdí nìyí tí a fi nílò orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọ̀nà ìsọlórúkọ tí Linnaeus fi lélẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1753 kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Bí a ti ń kọ orúkọ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé ni: orúkọ ìdílé ṣáájú, orúkọ àbísọ tẹ̀ lé e. Ocimum ni orúkọ ìdílé efínrín. Gratissimum àti basilicum ni orúkọ àbísọ. Síbẹ̀, orúkọ yìí pàápàá a máa yí padà bí ìmọ̀ bá ti ń tẹ̀ síwájú. Ewúro tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Vernonia amygdalina ni àwọn ìwé tuntun ń pè ní Gymnanthemum amygdalinum. Nítorí náà, àbá wa ni pé nígbà àkọ́kọ́ tí a bá dárúkọ ewéko nínú ìwé ẹ̀kọ́, kí á kọ orúkọ àjùmọ̀lò rẹ̀, orúkọ àdúgbò tí a mọ̀, orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀, àti ó kéré tán àmì méjì tí ojú tàbí imú lè fi mọ̀ ọ́n. Àkójọ tí Dalziel ṣe ní ọdún 1937 àti èyí tí Gbilé ṣe lórí orúkọ ewéko ní èdè Yorùbá ní ọdún 1984 yóò ran atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ púpọ̀.

4. Ẹ̀yà ara ewéko àti ọ̀nà ìgbìn

Ọ̀rọ̀ egbòogi fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀yà ara ewéko ṣe pàtàkì: egbò igi, èyí ni gbòǹgbò igi, ni ó bí i. Lónìí, a ń lò ó fún ewé, èèpo, èso àti hóró pẹ̀lú. Kò sí ewu nínú èyí bí a bá dá ẹ̀yà ara tí a fẹ́ lò lórúkọ ní gbangba.

Ọgbà ni ibi tí ó dára jù lọ láti kọ́ ọmọ ní orúkọ ẹ̀yà ara, nítorí pé ẹ̀yà tí a bá gbìn ni yóò fi ara rẹ̀ hàn. Efínrín ń hù láti inú hóró. Hóró rẹ̀ kéré púpọ̀, a kì í sì rì í sínú ilẹ̀. A ó fọ́n ọn sórí ebè tí a ti fi ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà dáadáa sí, a ó bu erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, a ó sì rọra bomi rin ín. Nígbà tí ó bá yọ ewé mẹ́rin tàbí mẹ́fà, a ó lọ́ ọ lọ sí ibi tí yóò dàgbà sí. Bí ó bá ga, kí a máa gé orí rẹ̀ kí ó lè pẹ̀ka, kí a sì máa já òdòdó rẹ̀ kí ewé rẹ̀ má baà dín kù. Ewúro ní tirẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ ni à ń gé gbìn: ọ̀pá tí ó ti gbó díẹ̀, tí ó gùn tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ni a ó tì bọ ilẹ̀ ní àkókò òjò, kí oríkèé méjì ó kéré tán wà lábẹ́ ilẹ̀. Ìdí koríko ọba ni à ń pín. Ní ti àbámodá, ewé rẹ̀ tí a bá jù sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù tó láti di odindi ewéko.

Atalẹ̀ ni ó máa ń ṣi ọmọ lọ́nà. Nítorí pé inú ilẹ̀ ni ó wà, gbogbo ènìyàn ń pè é ní gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú un dání kí ó wò ó: ó ní oríkèé, ó ní ojú tí ẹ̀ka tuntun ń gbà yọ, ewé tín-ín-rín tí ó ti gbẹ sì yí oríkèé rẹ̀ ká. Gbòǹgbò kì í ní ewé. Ọ̀pá ewéko ni, tí ó sùn sínú ilẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ gan-an ni okùn wẹ́wẹ́ tí ó so mọ́ ọn lábẹ́. Àbá wa ni kí a máa pè é ní ọ̀pá-abẹ́lẹ̀. Ègé tí a bá gé lára rẹ̀ fún gbígbìn kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun: ebu ni àwọn àgbẹ̀ ń pe ègé iṣu tí a fẹ́ gbìn, ebu atalẹ̀ sì dùn ún gbọ́ létí.

5. Ọ̀rọ̀-ìṣe ìpèsè

Nínú gbólóhùn wa, ọ̀rọ̀ tí ó fi nǹkan pamọ́ jù lọ ni àgbo. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe gbo ni ó ti wá, èyí ni kí a fi ọwọ́ rin ewé nínú omi títí omi rẹ̀ yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n lónìí, ewé tí a sè lórí iná ni àgbo, èyí tí a rẹ sínú omi ni àgbo, èyí tí a gbo náà ni àgbo. Ọ̀nà mẹ́ta yìí kò sì bí ọmọ kan náà. Epo olóòórùn wà nínú ewé efínrín ńlá. Bí a bá sè é láìdé ìkòkò, ọ̀pọ̀ nínú epo yìí yóò bá èéfín omi lọ. Bí a bá da omi híhó lé e tí a sì fi ọmọrí dé e, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò kù sínú ife. Bákan náà ni ewúro: ewúro tí a fọ̀ tí a fún kíkorò rẹ̀ dànù fún ọbẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú omi kíkorò tí a fún jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ewé kan náà ni méjèèjì ti wá.

Èdè wa ti fi ọ̀nà àbáyọ hàn wá. A ní àgúnmu, èyí tí a gún tí a sì ń mu. A ní àsèjẹ, èyí tí a sè tí a sì ń jẹ. Ní ìbámu pẹ̀lú ìṣẹ̀dá méjèèjì yìí, a dábàá àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí:

Àgbomu: omi ewé tútù tí a fi ọwọ́ gbo, tí iná kò kàn.
Àrẹmu: omi tí a rẹ ewé sí, yálà omi tútù tàbí omi híhó, tí a kò gbé ka iná mọ́.
Àsèmu: omi tí a bá ewé, èèpo tàbí gbòǹgbò sè lórí iná fún àkókò tí a dá.

Kí àgbo máa jẹ́ orúkọ gbogbogbòò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ àrẹmu sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn sí i, kí a má baà kà á bí oríkì Àrẹ̀mú.

6. Ìwọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni díẹ̀. Àwọn ìyá wa ní ìwọ̀n tiwọn: ìkúnwọ́, ìdì, ṣíbí, ife. Ìwọ̀n dáadáa ni wọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ kan náà bá ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ìkúnwọ́ ọmọ ilé-ìwé kò tó ìkúnwọ́ àgbẹ̀, ìkúnwọ́ ewé gbígbẹ kò sì dọ́gba pẹ̀lú ìkúnwọ́ ewé tútù, nítorí pé omi ni ó pọ̀ jù nínú ìwúwo ewé tútù. Nítorí náà, kí a máa sọ bóyá ewé tútù ni tàbí gbígbẹ. Kí a ka iye ewé bí ó bá ṣeé kà, tàbí kí a wọ̀n ọ́n ní gíráàmù. Kí a sọ iye omi ní mìlílítà, àti iye àkókò ní ìṣẹ́jú.

Àwọn kan a máa sọ pé ewé kì í pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Imí-eṣú, Ageratum conyzoides, tí ń hù fúnra rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo, ní èròjà tí ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni tí ń mu ún tètè mọ̀. Ohun tí ó ní agbára láti wo ènìyàn ní agbára láti pa á lára pẹ̀lú. Ìwọ̀n, àkókò àti ẹni tí a fún ni ó ń pààlà sí méjèèjì.

7. Gbólóhùn wa lẹ́ẹ̀kan sí i

Ẹ jẹ́ kí á padà sí gbólóhùn wa, kí á sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀kọ́ ti yẹ kí ó kọ ọ́. Àpẹẹrẹ ìkọ̀wé ni èyí, kì í ṣe àṣẹ oníṣègùn:

"Já ewé tútù 10 lára efínrín ńlá, Ocimum gratissimum, èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn, tí òórùn rẹ̀ sì múná. Fi omi tí ó mọ́ fọ̀ wọ́n. Kó wọn sínú ife, da omi híhó mìlílítà 200 lé wọn lórí, kí o sì fi ọmọrí dé e fún ìṣẹ́jú 10. Sẹ́ ẹ, kí àgbàlagbà tí inú ń run sì mu àrẹmu náà ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Má ṣe fún ọmọ-ọwọ́ tàbí aboyún láìkọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Bí inú rírun náà bá di ọjọ́ kejì, tàbí bí ibà, ìgbẹ́ gbuuru tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà pẹ̀lú rẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn."

Òǹkàwé lè sọ pé gbólóhùn yìí ti gùn jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ ni ó dípò ìyá tí kò sí níbẹ̀: ojú rẹ̀ tí ń ṣa ewé, imú rẹ̀ tí ń gbóòórùn, ọwọ́ rẹ̀ tí ń wọ̀n, àti ẹnu rẹ̀ tí yóò ní ó tó.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé orúkọ, ẹ̀yà ara, ọ̀nà ìpèsè àti ìwọ̀n ni òpó mẹ́rin tí ẹ̀kọ́ nípa egbòogi ọgbà dúró lé. A rọ olùkọ́ tí ó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ pé kí ó gbin márùn-ún nínú àwọn ewéko tí a dárúkọ, kí ó sì yan àwọn tí a lè jẹ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bi àgbàlagbà ilé rẹ̀ léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ewéko náà ní ìlú wọn, kí wọ́n kó orúkọ wọ̀nyí jọ sórí páálí kan, kí wọ́n sì kọ àmì ìdánimọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ fún wọn ní gbólóhùn kúkúrú bí èyí tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n béèrè ìbéèrè mẹ́rin lórí rẹ̀. Ní ti atúmọ̀ èdè, kí ó fi àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá níhìn-ín siṣẹ́, kí ó sì fi èyí tí ó bá sàn jù lọ rọ́pò wọn.

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á wo ewé pẹ̀lú, láti gbòǹgbò dé òdòdó, kí á tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí ọmọ ẹlòmíràn yóò gbẹ́kẹ̀ lé.